Orúkọ Tí Wọ́n Yá ní Accra: Bí Ọ̀rọ̀ Kọ́ńpìnì Màmá Aláró Ṣe Lọ

Màmá kan wà ní Ìtòkú ní Abẹ́òkúta níbí tó ń ta àdìrẹ. Ìdí aró ló bá ìyá ẹ̀, ìdí aró náà ni ìyá ẹ̀ bá ìyá tiẹ̀. Mi ò ní dárúkọ wọn, mo sì ti yí nǹkan díẹ̀díẹ̀ padà kí ará ọjà má baà tètè dá wọn mọ̀, àmọ́ bí ọ̀rọ̀ ṣe lọ gan-an ni mo fẹ́ kọ síbí, torí iṣẹ́ ìwé kọ́ńpìnì ni mò ń ṣe ní Òkè-Ìlẹ̀wó, ìwé CAC tó ń forúkọ kọ́ńpìnì sílẹ̀, táàsì, ìwé àwọn tó ń kó ọjà lọ sókè òkun, àti pé lẹ́yìn ti Màmá yìí àwọn míì ti wá bá mi pẹ̀lú irú ọ̀rọ̀ kan náà, ohun tó sì kọ́kọ́ máa ń jáde lẹ́nu gbogbo wọn ni pé "ẹ bá wa wá ọmọ onílùú kan tá a máa fi orúkọ ẹ̀ sórí ìwé." Èmi náà rò ó bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, pé ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Ibẹ̀ kọ́.

Ẹ jẹ́ kí n mú un láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn ará Gánà máa ń wá ra ọjà ní Ìtòkú dáadáa, wọ́n á sọ̀ l'Ékòó, wọ́n á wọ ọkọ̀ wá sí Abẹ́òkúta, wọ́n á ra oníkó, wọ́n á ra kàm̀pálà, wọ́n á di bọ́ńdù wọn wọ́n á lọ. Ọ̀kan nínú wọn ti ń ra ọjà lọ́wọ́ Màmá fún bí ọdún mẹ́jọ, èmi á pè é ní Maame níbí, bí wọ́n ṣe ń pe ìyá lọ́hùn-ún nìyẹn. Wọ́n ti mọra débi pé nígbà tí Màmá ń ṣe ìgbéyàwó ọmọ wọn, Maame wá láti Accra, aṣọ ẹbí ló wọ̀. Nígbà tó di 2017 Màmá fúnra wọn bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọjà lọ, Sèmè, Kútọnu, Lomé, Àfláò, ó di Accra. Wọ́n dé ọjà Makola, wọ́n rí iye tí wọ́n ń ta aṣọ tó kúrò lọ́wọ́ wọn ní Ìtòkú, wọ́n ní ó ju ìlọ́po méjì lọ. Ẹni tó bá ti bọ ọwọ́ nínú aró rí á mọ bó ṣe máa dun èèyàn, ìwọ lo di í, ìwọ lo rẹ ẹ́, ìwọ lo sá a, ẹlòmíì wá ń jẹ èrè tó ju tìẹ lọ. Bí Màmá ṣe padà dé, wọ́n ní àwọn máa ṣí ṣọ́ọ̀bù tiwọn ní Accra, àwọn sì máa ní kọ́ńpìnì níbẹ̀.

Ìyá ọkọ wọn nìkan ló sọ pé rárá. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni ìyá yẹn, Kumasi ni wọ́n ti ṣe ọ̀dọ́, ibẹ̀ ni wọ́n wà nígbà tí ìjọba Busia kéde lóṣù kọkànlá ọdún 1969 pé àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú, ọ̀sẹ̀ méjì péré ló ní láti fi kúrò. Wọ́n pọn ọmọ, wọ́n wọ lọ́rì, wọ́n fi ìsọ̀ ọjà sílẹ̀ pẹ̀lú ohun tó wà nínú ẹ̀. Wọ́n ní kí Màmá máa ta ọjà níbí, kí ẹni tó bá fẹ́ wá rà á wá rà á. Màmá ní ayé ìgbà yẹn kọ́ la wà yìí, pé ECOWAS ti wà báyìí.

Mi ò bá Màmá wí lórí ìyẹn, torí ohun tí gbogbo wa mọ̀ nílé ló ń tàn wá. Ní Nàìjíríà níbí, láti òfin NIPC ti 1995, òfin tó wà fún owó àjèjì, àjèjì lè ní kọ́ńpìnì tiẹ̀ pátápátá, ìdá ọgọ́rùn-ún, àfi àwọn nǹkan díẹ̀ bí ohun ìjà, oògùn olóró àti aṣọ ológun. Àwọn ará Lẹ́bánónì, àwọn ará Íńdíà, àwọn ará Ṣáínà, a ń rí wọn, wọ́n ní ilé iṣẹ́ ní Àgbàrà, ní Ọ̀tà, kò sí ẹni tó bi wọ́n pé ọmọ Ẹ̀gbá wo ló bá wọn dá a. Ẹni tó dàgbà sínú irú ìlú bẹ́ẹ̀ á rò pé bẹ́ẹ̀ náà ni ibi gbogbo ṣe rí. A sì ti gbàgbé pé àwa náà ṣe é rí, òfin 1972 ló kọ́kọ́ yọ àwọn òwò kan sọ́tọ̀ fún ọmọ Nàìjíríà nìkan, wọ́n tún mú un le sí i ní 1977, nígbà tó sì di 1983 a lé àwọn ará Gánà lọ débi pé báàgì tí wọ́n fi kó ẹrù ń jẹ́ orúkọ yẹn dòní.

Nípa ECOWAS, òótọ́ ni pé àdéhùn 1979 jẹ́ kí èèyàn wọ Gánà láìgba físà kó sì lo àádọ́rùn-ún ọjọ́, òótọ́ sì ni pé ti 1990 sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀tọ́ láti dá iṣẹ́ sílẹ̀. Àwọn oníṣòwò ọmọ Nàìjíríà ti ń fa ọ̀rọ̀ yẹn lọ́hùn-ún fún ọdún pípẹ́. Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ tó wá sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, òfin ìlú ẹ̀ ló mú lọ́wọ́, òun ló máa bi ọ́.

Nígbà tí wọ́n fi dé ọ̀dọ̀ mi ní àárín 2018, Màmá ti gba ìsọ̀ kan nítòsí Makola, wọ́n ti san owó ọdún méjì sílẹ̀, ọjà ti wà níbẹ̀. Àjẹ́ǹtì kan ní Accra ti sọ fún wọn pé kí wọ́n forúkọ kọ́ńpìnì sílẹ̀ kí ọkàn wọn balẹ̀, pé òfin Gánà ò le, pé kí ọmọ Gánà kan ṣá ní ìdá mẹ́wàá nínú ẹ̀. Màmá ní "ọmọ mi, ìdá mẹ́wàá péré, Maame ni màá fún." Inú èmi náà dùn. Mo ṣí òfin náà, Act 865 ti 2013, òfin àjọ GIPC tó ń rí sí owó àjèjì ní Gánà, mo rí i níbẹ̀ lóòótọ́: bí ọmọ Gánà bá ní ó kéré tán ìdá mẹ́wàá, kí àjèjì mú 200,000 dọ́là wá, bí kò bá sí ọmọ Gánà kankan nínú ẹ̀, 500,000 dọ́là. Owó náà pọ̀ lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe owó gidi nìkan, ẹ̀rọ àti ohun èlò iṣẹ́ lè wà nínú ẹ̀, ni mo bá ń ronú bá a ṣe máa ṣírò ìkòkò aró, pákó ìtẹ̀, ọkọ̀ akẹ́rù, gbogbo ẹ̀. Mo lo nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì lórí ìṣirò yẹn. Ọ̀sẹ̀ méjì tó ṣòfò ni, torí mi ò tíì ka abala náà dé ìsàlẹ̀.

Ìsàlẹ̀ yẹn gan-an lọ̀rọ̀ wà. Òfin náà kò fi ojú kan wo gbogbo iṣẹ́. Ó ya òwò sọ́tọ̀, ó sì sọ ohun tó ń pè ní òwò, ìyẹn ríra àti títa ọjà tàbí iṣẹ́ tó wá láti òkèèrè. Àjèjì tó bá fẹ́ ṣe ìyẹn, mílíọ̀nù kan dọ́là ló gbọ́dọ̀ mú wá, kó sì gba ọmọ Gánà tó mọṣẹ́, ó kéré tán ogún, síṣẹ́. Ọ̀rọ̀ ìdá mẹ́wàá kò sí níbẹ̀ mọ́. O lè fún ọmọ Gánà ní ìdá mẹ́wàá, o lè fún un ní ogójì, mílíọ̀nù kan náà ni. Àdìrẹ tí a bá sì rẹ ní Kẹ́mta tá a gbé dé Accra, ọjà òkèèrè ni lójú òfin wọn. Kò tán síbẹ̀, abala tó ṣáájú ẹ̀ to àwọn iṣẹ́ kan tí àjèjì ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn rárá, iye yòówù tó ní lápò: títa ọjà nínú ọjà, ìkiri, tàbí kí èèyàn tajà ní ìsọ̀ níbikíbi, takisí tí mọ́tò ẹ̀ ò bá tó 25, sálúùnù irun àti onígbàjámọ̀, títẹ káàdì ìpè, ṣíṣe èkíṣásáìsì tí àwọn ọmọ fi ń kọ̀wé nílé ìwé, títa oògùn ní wẹ́ẹ́rẹ́, píọ́ wọ́tà, tẹ́tẹ́. Ìsọ̀ Màmá nítòsí Makola wà lábẹ́ àkọ́kọ́ nínú gbogbo ìyẹn. Ìyẹn ni pé láti ọjọ́ tí wọ́n ti san owó ìsọ̀ ni wọ́n ti wà lódì sí òfin, àjẹ́ǹtì tó gba owó lọ́wọ́ wọn ò sì sọ.

Mo pe Màmá. Dọ́là kan nígbà yẹn wà ní nǹkan bí 360 náírà, ẹ̀yin náà ẹ ṣírò ẹ̀. Màmá dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní "ṣé gbogbo Ìtòkú ni wọ́n fẹ́ kí n wá rà ni?" Mo sọ ohun tí mo rí pé ó ṣì ṣí sílẹ̀. Òfin yẹn fúnra ẹ̀ yọ àwọn kan kúrò nínú ọ̀rọ̀ owó yẹn, àwọn tó bá ń ṣe nǹkan jáde níbẹ̀, àti àwọn tó bá ń rà láti Gánà lọ tà nílẹ̀ òkèèrè. Tí Màmá bá gbé iṣẹ́ aró fúnra ẹ̀ lọ sí Gánà, tí wọ́n ń rẹ aṣọ níbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa bi wọ́n ní mílíọ̀nù kan, kí wọ́n ṣá forúkọ sílẹ̀ bó ṣe yẹ. Màmá ronú sí i fún ọjọ́ mẹ́ta. Wọ́n ní ta ni yóò lọ? Àwọn tó ń bá wọn di oníkó, ìyàwó ilé ni púpọ̀ nínú wọn, ilé wọn ni wọ́n ti ń di í láàárín ọbẹ̀ àti ọmọ. Ta ló máa kó wọn lọ sí Accra? Ọ̀rọ̀ gidi ni, ẹni tí kò bá mọ bí àdìrẹ ṣe ń jáde á rò pé ṣọ́ọ̀bù kan ló ń ṣe é, ó pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, agboolé ló ń ṣe é.

Àjẹ́ǹtì wá mú ọ̀nà kẹta wá. Kí wọ́n fi orúkọ Maame sí gbogbo kọ́ńpìnì, ìdá ọgọ́rùn-ún, kó jẹ́ kọ́ńpìnì ọmọ Gánà pátápátá, kí Maame wá fọwọ́ sí ìwé kan lábẹ́lẹ̀ pé Màmá ló ni í, òun kàn bá wọn dì í mú ni. Wọ́n fi ìwé yẹn ránṣẹ́ sí mi kí n bá wọn kà á. Mo kà á. Ohun tí mo sọ ni pé kí wọ́n fi ẹlẹ́rìí méjì sí i, kí wọ́n kọ déètì sí i dáadáa. Títí dòní ó ń dùn mí, torí ohun tó yẹ kí n sọ ni pé kí wọ́n má ṣe é. Mo mọ̀ pé Maame kì í ṣe èèyàn burúkú, mo mọ bí wọ́n ṣe jọ wà, mo wá jẹ́ kí ìwà rere Maame bo ohun tí ìwé yẹn ń ṣe mọ́lẹ̀.

Ọdún kan kọjá, ọjà ń lọ. Màmá ń fi bọ́ńdù ránṣẹ́, Maame ń tà á, ó ń fowó ránṣẹ́. Nǹkan kan wà tí Màmá ń ṣe tí mi ò kà sí nígbà yẹn. Wọ́n ní ìwé kan, èkíṣásáìsì lásán tí ọmọ ilé ìwé ń lò, tí bọ́ńdù bá ti fẹ́ lọ wọ́n á kọ iye aṣọ tó wà nínú ẹ̀, irú ẹ̀, iye tí wọ́n gbé e fún un, nígbà tí Maame bá wá sí Abẹ́òkúta tàbí tí Màmá bá lọ, Maame á fọwọ́ sí ìlà kọ̀ọ̀kan pé òun gbà á. Ìyá wọn ló kọ́ wọn bẹ́ẹ̀, láti ayé tí wọ́n ti ń fi aṣọ ránṣẹ́ sí Ìbàdàn láwìn. Ẹ fi ìwé yẹn sọ́kàn.

2019 ni nǹkan yí. Ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò Gánà, GUTA, ti ń bínú láti ọjọ́ pípẹ́ pé àjèjì ti gba ọjà mọ́ àwọn lọ́wọ́, lọ́dún yẹn wọ́n ń ti ṣọ́ọ̀bù àwọn ọmọ Nàìjíríà pa, ní Kumasi, ní Circle ní Accra. Kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, ìbínú wọn ò ṣàdédé wá, ní oṣù kẹjọ ọdún yẹn ni ìjọba tiwa náà ti gbogbo bodè ilẹ̀, ọjà àwọn ará Gánà sì há sí ojú ọ̀nà, wọn ò rí i kó wọ ibí. Wọ́n dé ìsọ̀ Màmá. Ọmọdébìnrin tó ń tajà níbẹ̀ ń sọ Yorùbá lórí fóònù, ìyẹn ló jẹ́ kí wọ́n dúró. Wọ́n ní ta ló ni ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ti ìlẹ̀kùn, wọ́n ní kí wọ́n mú ìwé wá.

Maame ló lọ dáhùn. Ó mú ìwé kọ́ńpìnì lọ, orúkọ ẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀, ó dúró níwájú àwọn èèyàn, ó ní "èmi ni mo ni í, kò sí àjèjì kankan nínú ẹ̀." Wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kejì. Màmá pè mí lálẹ́ ọjọ́ yẹn, inú wọn dùn, wọ́n ní Maame ti gbà wọ́n. Inú mi ò dùn, mi ò kàn mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́ ni. Ohun tó ṣí ìlẹ̀kùn yẹn ni pé Maame fi ẹnu ara ẹ̀ sọ ní gbangba pé òun ló ni í. Láti ọjọ́ yẹn, gbogbo ẹ̀rí tó wà níta, ìwé ìjọba, àkáǹtì báǹkì, owó orí, ọ̀rọ̀ ẹnu, ohun kan náà ni gbogbo wọn ń sọ. Ìwé abẹ́lẹ̀ tó wà nínú àpótí Màmá ní Abẹ́òkúta nìkan ló ń sọ nǹkan míì. Ọdún yẹn kan náà sì ni Gánà ṣe òfin kọ́ńpìnì tuntun, Act 992, tó ní kí gbogbo kọ́ńpìnì sọ ẹni tó ni ín gan-an, ẹni tí èrè ń lọ sọ́dọ̀ ẹ̀, kì í ṣe orúkọ tó wà lókè ìwé nìkan. Maame ní láti kọ orúkọ kan. Tó bá kọ Màmá, ìsọ̀ ti di ti àjèjì. Tó bá kọ ara ẹ̀, irọ́ ló kọ fún ìjọba. Àwa la gbé e sí ibẹ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2020 àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu Maame. Kò lè sọ̀rọ̀, ọwọ́ ọ̀tún ò ṣiṣẹ́, ọwọ́ yẹn ló fi ń buwọ́ lù ní báǹkì. Àbúrò ẹ̀ ọkùnrin lọ sí báǹkì, ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó rí ọjà, ó rí owó, ó rí ìwé tó sọ pé ti ẹ̀gbọ́n òun ni, kí ló tún kù tó fẹ́ bi? Mi ò rí ẹ̀bi ẹ̀. Ìyá Yorùbá kan ń pè é láti Nàìjíríà pé òun ló ni gbogbo ẹ̀, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ dùbúlẹ̀ nílé ìwòsàn, owó ilé ìwòsàn ń pọ̀. Ní oṣù kẹta Gánà ti bodè nítorí kòrónà, ti ilẹ̀ ò sì ṣí títí di oṣù kẹta 2022. Màmá ò lè lọ. Ọjà bọ́ńdù mọ́kànlá wà níbẹ̀.

A wá lọ́yà ní Accra, ó ka ìwé abẹ́lẹ̀ yẹn lórí WhatsApp, ó sì pè mí padà láàárín wákàtí kan. Ó ní kí n sọ fún Màmá kí wọ́n má mú ìwé yẹn jáde. Ó ní ohun àkọ́kọ́ tí ìwé yẹn máa ṣe ní kóòtù ni kó fi hàn pé àjèjì ń ṣòwò ní ìsọ̀ láìmú owó tí òfin béèrè wá, ó sì fi orúkọ ẹlòmíì bò ó, pé kóòtù ò sì ní bá èèyàn gba ohun tó fi ọ̀nà tó lòdì sófin dì mú. Ìwé tí mo ní kí wọ́n fi ẹlẹ́rìí méjì sí. Àwọn ẹlẹ́rìí yẹn gan-an ló máa jẹ́rìí ta ko Màmá.

Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì tí mi ò lè dáhùn ìpè Màmá dáadáa. Lọ́jọ́ kan mo lọ sí Ìtòkú, mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mo sọ ohun tí lọ́yà sọ. Màmá ò sunkún. Wọ́n ní "ọmọ mi, ìwé yẹn nìkan kọ́ ni mo ní," wọ́n nawọ́ sábẹ́ tábìlì, wọ́n fa èkíṣásáìsì yẹn jáde, aró ti ta sí ẹ̀yìn ẹ̀.

Ìwé yẹn ò sọ pé ta ló ni kọ́ńpìnì. Kò sọ nǹkan kan nípa ìpín. Ohun tó sọ ò ju pé ọjọ́ báyìí, aṣọ báyìí, iye báyìí, Maame gbà á, owó tó ti san rèé. Òótọ́ sì ni gbogbo ẹ̀, ìlà kan ò sí níbẹ̀ tí a ní láti fi bo nǹkan. Lọ́yà wò ó, ó ní èyí dáa, gbèsè ọjà ni, kò sí òfin ní Gánà tó ní kí ọmọ Gánà má ra ọjà láwìn lọ́wọ́ ará Abẹ́òkúta. Kóòtù ni mo rò pé a máa lọ. Màmá kọ̀, wọ́n ní èèyàn ò lè pe ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì lẹ́jọ́, pé ẹni tó wọ aṣọ ẹbí àwọn ni. Wọ́n bẹ àwọn àgbà Yorùbá kan ní Accra, àwọn yẹn lọ bá ẹbí Maame, ọmọbìnrin Maame tó jẹ́ àgbà ló gbà láti jókòó. Ó ti ń bá ìyá ẹ̀ tajà tẹ́lẹ̀, ó mọ àwọn oníbàárà. Wọ́n fi èkíṣásáìsì sí iwájú ẹ̀ lórí fóònù, ojú ìwé kan tẹ̀ lé òmíì, ó mọ ìfọwọ́sí ìyá ẹ̀. Àbúrò Maame náà rí i. Nígbà tó ti di gbèsè, tí kì í ṣe "kọ́ńpìnì yín ti èmi ni" mọ́, ohùn ọkùnrin yẹn rọ̀ lójú ẹsẹ̀. Wọ́n ṣírò bọ́ńdù tó kù, wọ́n yọ owó díẹ̀ tí Màmá ní kí wọ́n fi sílẹ̀ fún ìtọ́jú Maame, wọ́n pín ìyókù sí ìdíwọ̀n tí wọ́n á máa san lóṣooṣù.

Owó ìsọ̀ ọdún méjì tí Màmá san, a ò rí i gbà. Kò sí ọ̀nà tí a lè gbà béèrè rẹ̀ láìjẹ́wọ́ pé Màmá ló ń tajà níbẹ̀. Owó tí àjẹ́ǹtì gbà náà lọ.

Ọmọ Maame ló kọ́kọ́ dá a lábàá pé kí òun máa bá iṣẹ́ lọ, lórúkọ ara òun, ní tòótọ́ lọ́tẹ̀ yìí. Ó dá kọ́ńpìnì tiẹ̀ sílẹ̀, tiẹ̀ ni, èrè ẹ̀ tiẹ̀ ni, ó ń ra ọjà lọ́wọ́ Màmá. Màmá ò ní ìpín kan níbẹ̀. Ibi tí mo ti wá lo agbára mi ni ìwé àdéhùn ọjà tó wà láàárín àwọn méjèèjì. Mo jókòó ti Màmá, mo bi wọ́n pé kí gan-an lẹ fẹ́ ní Accra, ẹ gbàgbé kọ́ńpìnì. Ó pẹ́ kí wọ́n tó dáhùn. Wọ́n ní àwọn fẹ́ kí iye tí àwọn ń tà á pọ̀ sí i, àwọn fẹ́ kí orúkọ àwọn wà lára aṣọ kí ẹni tó ń ta àdìrẹ ayédèrú láti Ṣáínà má baà fi ti àwọn ṣe bojúbojú, àwọn ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè jí dìde lọ́jọ́ kan kó ní kí àwọn jáde. Nínú gbogbo èyí tí wọ́n kà, kò sí ọ̀kan tó nílò kí Màmá ní ìpín nínú kọ́ńpìnì Gánà.

Nítorí náà, ìwé àdéhùn sọ pé Accra nìkan ni ọmọ Maame ní, Kumasi ṣì wà lọ́wọ́ Màmá láti fún ẹlòmíì. Ìdajì owó ṣáájú, ìdajì láàárín ọgọ́ta ọjọ́. Iye tí Màmá ń gbé e fún un ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, torí ó ní àwọn àwòrán tí kò sí ẹlòmíì tí Màmá máa tà á fún. Orúkọ àti àmì tó wà lára aṣọ, Màmá ló ni í, a sì fi í sílẹ̀ lórúkọ wọn ní Gánà fúnra ẹ̀, torí Nàìjíríà ò sí nínú ètò Madrid nígbà yẹn, ètò tó ń jẹ́ kí èèyàn ti ìlú ẹ̀ forúkọ àmì ọjà sílẹ̀ ní àwọn ìlú míì, a ò lè ti ilé forúkọ àmì sílẹ̀ ká ní kó kan ibẹ̀. Mo ka ìwé àmì yẹn sí ju gbogbo ìyókù lọ. Àjèjì lè ní in ní Gánà láìbẹ̀rù, kò nílò mílíọ̀nù kan dọ́là, tí ọmọ Maame bá sì fi àdéhùn sílẹ̀ lọ́la, kò lè fi orúkọ yẹn ta aṣọ ẹlòmíì. Níbí a forúkọ Màmá sílẹ̀ lọ́dọ̀ NEPC, àjọ tó ń rí sí ọjà tó ń lọ sókè òkun, a lọ bá NACCIMA, ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò, fún ìwé orísun ọjà, ìyẹn ìwé tó ń sọ ìlú tí ọjà ti wá. Ibẹ̀ náà gba ọgbọ́n, torí wọ́n bi wá pé aṣọ funfun tí a fi ṣe é, ṣé Nàìjíríà ni wọ́n ti hun ún, a ní láti to iṣẹ́ ọwọ́ tó wà lára ẹ̀, dídì, rírẹ, lílù, kí iye tó kún un níbí lè hàn.

Àwọn tí wọ́n ti wá bá mi lẹ́yìn ìyẹn, mi ò tíì bi wọ́n ní ọ̀rọ̀ ìdá mélòó. Ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ bi wọ́n ni pé kí lẹ fẹ́ máa ṣe níbẹ̀ láàárọ̀, kí lẹ máa gbé lé tábìlì, ta ló máa wá rà á. Tí mo bá ti gbọ́ ìyẹn tán ni mo máa ń wá abala tó túmọ̀ ọ̀rọ̀ nínú òfin ìlú yẹn, torí ibẹ̀ ni wọ́n máa ń pa ìyàtọ̀ pamọ́ sí. Mo sì máa ń wo ọjọ́ orí ohun tí wọ́n gbọ́. Bọ̀dá kan láti Pánsẹ́kẹ́ wá ní 2022, ó fẹ́ lọ dá kọ́ńpìnì ní Dubai, ẹnì kan ti gba owó lọ́wọ́ ẹ̀ láti bá a wá ọmọ ìlú tó máa ní ìdá 51. Òfin yẹn wà lóòótọ́ tẹ́lẹ̀, yàtọ̀ sí ní agbègbè ọ̀fẹ́, ìyẹn ibi tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún òwò àjèjì, àmọ́ láti oṣù kẹfà 2021 wọ́n ti ṣí púpọ̀ nínú àwọn iṣẹ́ sílẹ̀ fún àjèjì ní ìdá ọgọ́rùn-ún, bẹ́ẹ̀ ni kí ìyẹn tó dé rárá, àwọn agbègbè ọ̀fẹ́ wọn ti ń gbà á. Ó fẹ́ sanwó fún òfin tó ti kú. Bí àwọn ìlú ṣe ń yí òfin yìí padà, ohun tí mo kà lọ́dún tó kọjá, mo máa ń tún un kà kí n tó gba owó oníbàárà. Ti Gánà náà, òfin bó ṣe wà nígbà ọ̀rọ̀ Màmá ni mo kọ síbí, ẹ tún un wò kí ẹ tó gbé e lé e.

Tí ẹnì kan bá sì ṣì ní kí n bá òun kọ ìwé abẹ́lẹ̀, mo máa ń bi í pé ta ló máa buwọ́ lù ní báǹkì, kí ló máa ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹni yẹn bá ṣàìsàn, ta sì ni àwọn ọmọ ẹ̀. Mi ò kọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni mọ́.

Maame ti ń jókòó dáadáa báyìí, ọ̀rọ̀ ẹ̀ ṣì ń wọ́. Nígbà tí bodè ilẹ̀ ṣí ní 2022, Màmá wọ ọkọ̀ láti Sèmè lọ kí i, wọ́n gbé oníkó mẹ́ta dání fún un, èyí tí kì í ṣe títà. Nínú gbèsè bọ́ńdù mọ́kànlá, owó bọ́ńdù méjì ló ṣẹ́ kù nígbà tí mo wò ó kẹ́yìn, ọmọ Maame sì ń fọwọ́ sí ìlà kọ̀ọ̀kan bí ìyá ẹ̀ ṣe ń ṣe, nínú èkíṣásáìsì tuntun.